Àṣà ibi iṣẹ́ àti ìpele ayé òṣìṣẹ́ ní agbègbè Ìkìrun

Àṣà ibi iṣẹ́ àti ìpele ayé òṣìṣẹ́ ní agbègbè Ìkìrun dá lórí ọ̀nà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkìrun, Ìnísà, Òkukù àti àwọn ìletò tó yí wọn ká ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, fi ń rí ìrànwọ́ láti ibi iṣẹ́ wọn nígbà tí ayé wọn bá kúrò ní ìpele kan bọ́ sí òmíràn: nígbà ìkọ́ṣẹ́, ìgbéyàwó, ìbímọ, àìsàn, ọ̀fọ̀ àti ogbó. Ọ̀nà méjì ni ìrànwọ́ yìí pín sí. Èkíní ni èyí tí òfin là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù, irú bíi ìsinmi ìbímọ àti owó ìfẹ̀yìntì. Èkejì ni èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ṣètò láàrin ara wọn, irú bíi àáró, ọ̀wẹ̀, èsúsú, ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nítorí pé àgbẹ̀, oníṣòwò àti oníṣẹ́-ọwọ́ pọ̀ ní agbègbè náà, tí orúkọ wọn kò sì sí nínú ìwé owó oṣù agbanisíṣẹ́ kankan, ọ̀nà kejì ni ó máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, nígbà mìíràn òun nìkan ni ó sì ń dé.

Agbègbè náà àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀

Ìkìrun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Òkukù ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, inú rẹ̀ sì ni Ìnísà wà. Apá àríwá Òṣogbo ni àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀fà. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà títí di ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀.

A lè pín àwọn òṣìṣẹ́ agbègbè yìí sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń gba owó oṣù: òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Òkukù. Ọ̀wọ́ kejì ni àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ àti oníṣòwò: télọ̀, káfíńtà, mẹkáníìkì, onídìrí, awakọ̀ àti àwọn tó ń pàtẹ ní ọjà. Ọ̀wọ́ kẹta ni àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin kòkó, obì, ọ̀pẹ, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ààlà tó wà láàrin àwọn ọ̀wọ́ yìí kò le. Olùkọ́ tó ní oko kò ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ní ìsọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń bójú tó. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹnì kan náà lè máa retí owó ìfẹ̀yìntì láti ọ̀dọ̀ ìjọba kí ó sì tún máa dá èsúsú ní àdúgbò.

Ìtàn

Iṣẹ́ oko: àáró, ọ̀wẹ̀ àti ìwọ̀fà

Kí iṣẹ́ owó oṣù tó dé, agbo ilé ni ibi iṣẹ́. Ọmọkùnrin máa ń ṣiṣẹ́ lóko baba rẹ̀ títí yóò fi dàgbà tó láti gbéyàwó, ojúṣe baba sì ni láti fẹ́ ìyàwó fún un àti láti fún un ní ilẹ̀ tí yóò fi dá dúró. Ìtọ́jú òṣìṣẹ́ àti ìtọ́jú ọmọ jẹ́ ohun kan náà nígbà náà.

Bí ọmọ bá ti ní oko tirẹ̀, ìrànwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kàn. N. A. Fádípẹ̀ ṣàlàyé àwọn ètò wọ̀nyí nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó parí ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ìwé ní ọdún 1970 pẹ̀lú àkọlé The Sociology of the Yoruba. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ tí agbára wọn dọ́gba máa ń kó ara wọn jọ, wọn a ṣiṣẹ́ lóko ẹni kìíní lónìí, lóko ẹni kejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Gbèsè iṣẹ́ ni àáró. Ẹni tí a bá bá ṣe gbọ́dọ̀ bá ẹlòmíràn ṣe padà. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá, bíi ilé kíkọ́ tàbí oko tí igbó ti fẹ́ bò, ni ó máa ń bẹ ènìyàn lọ́wẹ̀. Oúnjẹ àti ohun mímu ni yóò fi ṣe wọ́n lálejò, kò sì sí ẹni tí yóò ka iye ọjọ́ tí ó jẹ ẹnikẹ́ni. Ọkọ ìyàwó náà máa ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀.

Ètò méjèèjì bá ìpele ayé mu. Àáró wúlò fún ọ̀dọ́ tó ní agbára láti san iṣẹ́ padà, nígbà tí ọ̀wẹ̀ wúlò fún ẹni tí kò lè san án padà kíákíá: aláìsàn, opó, arúgbó, tàbí ẹni tó ń kọ́ ilé.

Ìnáwó ńlá ni àwọn ètò yìí kò lè gbé. Nígbà tí ìyàwó gbígbé, òkú sísìn tàbí àìsàn bá béèrè owó lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìdílé kò sì rí i, wọ́n lè fi ara wọn tàbí ọmọ wọn ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà máa ń ṣiṣẹ́ fún olówó rẹ̀ ní ipò èlé orí owó tí a yá, iṣẹ́ náà kò sì dín gbèsè kù títí a ó fi san ojú owó. Ìjọba amúnisìn gbógun ti àṣà yìí ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, ó sì parẹ́. Ìtàn ìwọ̀fà fi ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ hàn nígbà tí ìnáwó ìpele ayé bá dé bá òṣìṣẹ́ tí kò ní àtìlẹ́yìn: ọjọ́ iwájú iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò fi dúró.

Karin Barber, tó gbé ní Òkukù láàrin ọdún 1970 sí 1980 fún ìwádìí oríkì, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ I Could Speak Until Tomorrow (1991) pé àwọn ènìyàn tó yí ènìyàn ká, àwọn ọmọ, ìyàwó, ẹbí àti ọmọlẹ́yìn, ni wọ́n ń sọ ọ́ di ẹni ńlá láwùjọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn náà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko rẹ̀, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó.

Rélùwéè àti iṣẹ́ owó oṣù

Ojú irin tó wá láti Èkó dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọjá Ìkìrun àti Òkukù lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Rélùwéè wà lára àwọn agbanisíṣẹ́ tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà nígbà ìjọba amúnisìn, nípasẹ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ fi mọ iṣẹ́ tó ní wákàtí, owó oṣù, ìsinmi ọlọ́dọọdún àti owó ìfẹ̀yìntì.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ Rélùwéè àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù kan. Michael Imoudu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n ní ogun àgbáyé ti mú kí ọjà wọ́n, wọ́n sì ń béèrè àfikún sí owó tí ìjọba ń san nítorí ọ̀wọ́n gógó. Lisa Lindsay, nínú ìwé rẹ̀ Working with Gender (2003), ṣàlàyé bí àwọn òṣìṣẹ́ Rélùwéè ní ilẹ̀ Yorùbá ṣe fi ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ọmọ tí wọ́n ń bọ́ ti ẹ̀bẹ̀ wọn lẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìyàwó wọn náà ń ṣòwò tí wọ́n sì ń rí owó tiwọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìdílé òṣìṣẹ́ ti di ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́.

Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ló mú kí iṣẹ́ olùkọ́ dé gbogbo ìlú àti abúlé. Ọ̀pọ̀ obìnrin di òṣìṣẹ́ owó oṣù nípasẹ̀ rẹ̀, ìbímọ lẹ́nu iṣẹ́ sì di ohun tí òfin gbọ́dọ̀ dá sí.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà, lẹ́yìn ìwádìí tí C. F. Strickland ṣe. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tó yá, àwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn dá tiwọn sílẹ̀ ní ibi iṣẹ́. Ètò yìí mú ọgbọ́n èsúsú, èyí tí William Bascom kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1952, wọ inú ọ́fíìsì: dípò kí alájọ máa gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kí ó tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́.

Ìrànwọ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan

Ìkọ́ṣẹ́

Òbí tàbí alágbàtọ́ ni ó máa ń fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́ láti kọ́ṣẹ́. Wọn a jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó sọ iye ọdún àti owó tí wọn yóò san. Ní ibi púpọ̀, ọ̀gá kì í san owó iṣẹ́ fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè fún un ní oúnjẹ ọ̀sán tàbí owó díẹ̀ nígbà ọdún. Bí ọdún bá pé, wọn a ṣe àjọyọ̀ ìyọ̀ǹda tí àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ń pè ní fíríìdọ̀mù. Ọ̀gá yóò gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Láti ọjọ́ náà ni òun náà ti lè gba ọmọ iṣẹ́.

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, tí ó ti wà láti ọdún 1974, fi àyè gba òbí láti fi ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní ọdún 12 ṣùgbọ́n tí kò tíì tó ọdún 16 sẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ nípasẹ̀ ìwé àdéhùn tí ọmọ náà fọwọ́ sí. Ìkọ́ṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ.

Ìgbéyàwó àti ilé kíkọ́

Kò sí ìsinmi ìgbéyàwó nínú Òfin Iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ máa ń lo ìsinmi ọlọ́dọọdún rẹ̀, èyí tí òfin sọ pé kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6 fún ẹni tó ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́. Owó ni ìpele yìí máa ń béèrè jù, ibẹ̀ sì ni èsúsú àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wúlò.

Bí ènìyàn 12 bá ń dá ₦5,000 lóṣooṣù, ₦60,000 ni ẹni tó kàn yóò kó. Kò sí èlé lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó jèrè ju ẹnìkejì lọ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé owó náà ń dé lápapọ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ gbéyàwó tàbí tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ, ó lè bẹ ẹni tí èsúsú kàn pé kí ó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kó o. Nípa ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀, ìtò èsúsú lè tẹ̀lé ìṣẹ̀lẹ̀ inú ayé àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ní ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní owó tó tó ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́, pẹ̀lú èlé kékeré àti onídùúró méjì láti inú ẹgbẹ́.

Ìbímọ àti ọmọ títọ́

Òfin Iṣẹ́ fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti lo oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san, ó kéré tán, ìdajì owó rẹ̀ fún un ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tí ó bá padà, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ lé e kúrò nígbà tí ó wà nínú ìsinmi yìí.

Àǹfààní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ju èyí lọ: ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó oṣù kíkún. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ọkọ tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ 14 nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ, kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàrin ọdún méjì, fún ọmọ 4 ó pọ̀ jù. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣáájú nínú èyí ní ọdún 2014, nígbà tí ó fún obìnrin ní oṣù 6 àti ọkùnrin ní ọjọ́ 10 fún ọmọ méjì àkọ́kọ́ láàrin àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Télọ̀ tàbí obìnrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Ìkìrun kò ní agbanisíṣẹ́ tí yóò fún un ní ìsinmi. Àṣà ni pé kí ìyá ìkókó wà nílé fún ọjọ́ 40. Ní àkókò yìí, ọmọ iṣẹ́, àbúrò tàbí ẹni tí ìsọ̀ wọn kángun sí ara wọn ni ó máa ń bá a ta ọjà. Lẹ́yìn ọjọ́ 40, yóò pọn ọmọ wá sí ìsọ̀. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ ju ọ́fíìsì lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò bá tajà ni ọjọ́ tí kò ní owó.

Ìsọmọlórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ jẹ́ ọ̀ràn ibi iṣẹ́ pẹ̀lú. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń dá owó, wọn a sì yan aṣojú tí yóò lọ bá wọn yọ̀.

Àìsàn àti ìjàǹbá

Òṣìṣẹ́ tí Òfin Iṣẹ́ kàn ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 láàrin ọdún kan nígbà àìsàn, bí dókítà bá jẹ́rìí sí i. Òfin Owó Ìtánràn Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ìpín 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan. Inú àpò yìí ni wọ́n ti ń san owó fún ẹni tó fara pa, tó kó àrùn lẹ́nu iṣẹ́, tàbí fún ìdílé ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́. Òfin ọdún 2022 sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà.

Lóko àti ní ilé iṣẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́, ẹgbẹ́ ni ó ń dúró ní ipò àpò yìí. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ máa ń yọ owó díẹ̀ sọ́tọ̀ ní ìpàdé, wọn a fi ṣe ìbẹ̀wò sí ẹni tó ń ṣàìsàn. Owó ìbẹ̀wò kì í sábà tó owó ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá ṣe ìbẹ̀wò lè bá aláìsàn parí iṣẹ́ tí oníbàárà ti san owó rẹ̀ sílẹ̀, kí orúkọ ìsọ̀ náà má baà bàjẹ́.

Ikú àti ọ̀fọ̀

Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, èyí tí kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta àpapọ̀ owó rẹ̀ fún ọdún kan. Fún àpẹẹrẹ, bí àpapọ̀ owó òṣìṣẹ́ bá jẹ́ ₦100,000 lóṣù, ₦3,600,000 ni ìdílé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí bí ó bá kú nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Opó tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí ẹ̀sìn rẹ̀ là á sílẹ̀ pé kí ó ṣe opó fún oṣù 4 àti ọjọ́ 10, kò rí ìpèsè fún un nínú Òfin Iṣẹ́. Ojú àánú ọ̀gá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bá a gbé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó máa ń gbẹ́kẹ̀ lé, yálà fún ìsinmi tàbí fún àyè láti tètè padà sílé.

Ìtọ́jú òbí

Kò sí ìsinmi fún ìtọ́jú òbí arúgbó nínú Òfin Iṣẹ́. Síbẹ̀, àwùjọ Yorùbá ka iṣẹ́ yìí sí ti ọmọ. Òwe sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu. Òṣìṣẹ́ tó ní òbí arúgbó máa ń dá ìsinmi rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, tàbí kí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Àáró ni èyí pẹ̀lú: ọjọ́ tí ẹnìkan bá dúró fún ẹlòmíràn, a ó san án padà.

Ìfẹ̀yìntì àti ogbó

Òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń fẹ̀yìntì ní ọdún 60, tàbí nígbà tó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2022 sọ ti olùkọ́ di ọdún 65 tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Lábẹ́ ètò tí òfin ọdún 2004 bẹ̀rẹ̀, tí ti ọdún 2014 sì tún ṣe, òṣìṣẹ́ ń san ìpín 8 nínú 100, agbanisíṣẹ́ ń san ìpín 10, ó kéré tán. Lórí ₦100,000, ₦18,000 ni yóò máa wọ àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ lóṣù, tàbí ₦216,000 lọ́dún.

Àgbẹ̀ kì í ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Igi tó gbìn ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Kòkó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí so láàrin ọdún 3 sí 5, ó sì lè máa so fún ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tó gbin kòkó ní ìgbà ọ̀dọ́ lè fi alágbàṣe sí i ní ìgbà ogbó. Àmọ́ Sara Berry fi hàn nínú Fathers Work for Their Sons (1985) pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá fi owó kòkó rán ọmọ wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹnu iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ tó kàwé kò sì sábà padà sóko. Owó ni ó ń fi ránṣẹ́ sílé, ìtọ́jú ogbó àgbẹ̀ sì tipa bẹ́ẹ̀ wá rọ̀ mọ́ owó oṣù ọmọ rẹ̀.

Oníṣẹ́-ọwọ́ tó ti darúgbó máa ń fi ìsọ̀ lé ọmọ tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àgbà lọ́wọ́. Àwọn tó gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣì ń pè é ní ọ̀gá, wọ́n sì máa ń wá kí i nígbà ọdún àti ìnáwó.

Ìfiwéra pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Àdéhùn 183 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe ní ọdún 2000 sọ pé ìsinmi ìbímọ kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ 14. Orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí, ń fúnni ní ọ̀sẹ̀ 14. Ghana ń fúnni ní ọ̀sẹ̀ 12, lábẹ́ òfin ọdún 2003. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin lè lo ọ̀sẹ̀ 52, a sì lè san owó fún un fún ọ̀sẹ̀ 39 nínú rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún láìgba owó láti tọ́jú ẹni tó gbára lé e, títí kan òbí arúgbó. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1993 fúnni ní ọ̀sẹ̀ 12 láìsan owó, kò sì kan ilé iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 50.

Àwọn àlàfo

Iye òṣìṣẹ́ ni àlàfo àkọ́kọ́. Ọ̀ranyàn owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 kan ilé iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti ọdún 2019 yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ káfíńtà tó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, ilé oúnjẹ tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà àti ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kékeré tó ní olùkọ́ mẹ́wàá bọ́ sẹ́yìn ìlà méjèèjì. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó sì wọ́pọ̀ ní ìlú bíi Ìkìrun.

Àlàfo kejì wà láàrin ohun tí a kọ àti ohun tí a san. Bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Keje ọdún 2015, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun san apá kan owó oṣù fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó wà ní ìpele 7 sísàlẹ̀ gba owó wọn pé, àwọn tó wà ní ìpele 8 sí 10 gba ìpín 75 nínú 100, àwọn tó wà ní ìpele 12 sókè gba ìdajì. Àwọn tó ti fẹ̀yìntì náà ti ṣe ìwọ́de ní Òṣogbo ju ìgbà kan lọ nítorí owó ìfẹ̀yìntì tí kò tètè dé. Irú àìpé owó bẹ́ẹ̀ kì í dúró sí ọ́fíìsì. Inú owó oṣù ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ń yọ owó rẹ̀, inú rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ti ń dá èsúsú, òun ni wọ́n sì fi ń ra ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò àti iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀. Nígbà tí owó oṣù bá já, ọ̀nà ìrànwọ́ méjèèjì tí àpilẹ̀kọ yìí sọ̀rọ̀ lé lórí ni ó ń dín kù pọ̀.

Láti dí àlàfo àkọ́kọ́, ìjọba àpapọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2019. Oníṣẹ́-ọwọ́ tàbí oníṣòwò lè máa fi iye tó bá wù ú pamọ́ lójoojúmọ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù. Ìlànà ètò náà pín owó yìí sí méjì: ìpín 40 nínú 100 tí olówó lè yọ nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àti ìpín 60 tí yóò wà títí di ọjọ́ ogbó. Ìpín 40 yìí ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń fi èsúsú ṣe tẹ́lẹ̀. Ìpín 60 ń ṣe iṣẹ́ tí àgbẹ̀ ń fi igi kòkó ṣe. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ tí yóò fi ìpín tirẹ̀ kún un, èyí tó mú kí gbogbo ẹrù ìpele ayé wà lórí òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ àti àwọn tó bá a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.